Omi Ni Adájọ́ Ilẹ̀: Bí A Ṣe Ń Tẹ́ Ilẹ̀ Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ fún Ilé Ìkẹ́rùsí

Nígbà tí àgbàdo bá bàjẹ́ nínú ilé ìkẹ́rùsí, òrùlé ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Wọn a gbé àkàbà, wọn a yẹ páànù wò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn a sì dí ojú ìṣó. Nígbà mìíràn, òkè ni àrùn náà wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí àwọn àpò ìsàlẹ̀ bá tutù nígbà tí àwọn ti òkè gbẹ, a jẹ́ pé omi kò gba orí wọlé. Ìdí ilé ni ó gbà. Àgbàrá sọ̀kalẹ̀ láti ẹ̀yìn ọgbà, ó dé ara ògiri, kò rí ọ̀nà mìíràn, ó sì dúró síbẹ̀ títí ilẹ̀ inú ilé fi fà á mu.

Ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ ni èyí fún ẹni tí ó ní àpò àgbàdo mẹ́wàá péré. Nínú àpò wọ̀nyẹn ni oúnjẹ ìgbà ọ̀wọ́n wà, nínú wọn ni irúgbìn ọdún tí ń bọ̀ wà, nínú wọn náà sì ni owó ilé ìwé àwọn ọmọ wà, nítorí pé ẹni tí ó bá lè pa àgbàdo rẹ̀ mọ́ di ìgbà tí ọjà bá gbówó lórí ni ó ń jèrè rẹ̀. Ìpàdánù náà kò sì mọ sí ti owó. Irú olú wẹ́wẹ́ kan máa ń hù lára àgbàdo tí ó tutù, májèlé tí ó sì ń fi sílẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ń pè ní aflatoxine. Májèlé yìí ń ba ẹ̀dọ̀ ènìyàn jẹ́, iná ìdáná kò sì lè pa á tán.

Ilẹ̀ tí ó tẹ́jú pẹrẹsẹ kò wọ́pọ̀ lẹ́yìnkùlé. Ní Ṣábẹ̀ẹ́, òkè olókùúta dúró ti ìlú, ilẹ̀ agbègbè náà ń ga, ó sì ń rẹlẹ̀. Ní Àjàṣẹ́, èyíinì Porto-Novo, àwọn àdúgbò kan wà lórí ilẹ̀ tí ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí ọ̀sà. Ní Kétu, lórí ilẹ̀ pupa gíga, ojú lè rò pé gbogbo rẹ̀ tẹ́jú, títí òjò yóò fi rọ̀ tí omi yóò sì fi ọ̀nà tí ó mọ̀ hàn.

Omi náà kò sì kéré. Ìṣirò rẹ̀ kò le: bí òjò mílímítà 1 bá rọ̀ sórí ojú ilẹ̀ tí ó jẹ́ mítà 1 ní òró àti mítà 1 ní ìbú, omi lítà 1 ni. Òrùlé tí ó jẹ́ mítà 5 ní òró àti mítà 4 ní ìbú ní irú ojú bẹ́ẹ̀ 20. Bí òjò ńlá kan bá mú mílímítà 50 wá, lítà 1000 ni òrùlé kékeré yẹn yóò dà sí ẹsẹ̀ ògiri ara rẹ̀. Àgbá márùn-ún tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba lítà 200 ni yóò kún. A kò tíì ka àgbàrá tí ń bọ̀ láti òkè mọ́ ọn.

Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò kò lóun kò ní wólé, onílé ni kò ní gbà fún un. Àìgbà onílé yẹn kò bẹ̀rẹ̀ láti orí bíríkì tàbí sìmẹ́ńtì. Láti orí ilẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ koríko.

Ojú ń tanni jẹ

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi ojú lásán wọn ilẹ̀. Wọn a dúró ní igun kan, wọn a dijú kan, wọn a ní ó ti dọ́gba. Ojú kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé nínú iṣẹ́ yìí, nítorí pé ohun tí ó bá wà nítòsí ni ó máa ń fi ṣe òṣùwọ̀n. Bí ọgbà tí ó wà lẹ́yìn bá tẹ̀ díẹ̀, ojú yóò gbà pé ọgbà ni ó tọ́, ilẹ̀ ni ó wọ́. Ohun ìwọ̀n kékeré tí àwọn mọlémọlé ń pè ní niveau dára púpọ̀ fún bíríkì, ṣùgbọ́n ó kúrú fún ilẹ̀ mítà 5. Bí a bá ń gbé e láti ibì kan dé ibòmíràn, àṣìṣe kékeré ibi àkọ́kọ́ yóò kún ti èkejì, títí wọn yóò fi di ohun tí ojú omi rí, tí ojú ènìyàn kò rí.

Irinṣẹ́ tí ó ju gbogbo ìyẹn lọ kò wọ́n. Rọ́bà omi ni, irú èyí tí ojú rẹ̀ mọ́ gaara tí a lè rí omi nínú rẹ̀, tí gígùn rẹ̀ tó mítà 10. Bí a bá rọ omi sínú rẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ méjèèjì sì ṣí, omi náà yóò dúró ní gíga kan náà ní ẹnu méjèèjì, bí ó ti wù kí rọ́bà náà lọ́ tàbí kí ó wọ́ nílẹ̀ láàárín. Kò ní àyè fún àríyànjiyàn. Ohun méjì péré ni ó lè bà á jẹ́. Èkíní ni afẹ́fẹ́ tí ó há sínú rọ́bà: bí a bá rí ìfófò kankan nínú omi, kí a gbé rọ́bà sókè kí ó jáde. Èkejì ni àtàǹpàkò tí a fi dí ẹnu rọ́bà nígbà tí a ń rìn, tí a sì gbàgbé láti mú kúrò nígbà tí a ń wo àmì.

Kí a wá sọ pé obìnrin àgbẹ̀ kan ní abúlé kan lẹ́bàá Ṣábẹ̀ẹ́ fẹ́ kọ́ yàrá kan sẹ́yìnkùlé, tí yóò jẹ́ mítà 4 ní òró àti mítà 3 ní ìbú. Ibẹ̀ ni yóò máa kó àgbàdo, ẹ̀wà, kajú àti ọkọ́ rẹ̀ sí. Ilẹ̀ náà ń sọ̀kalẹ̀ láti ẹ̀yìn wá sí iwájú. Kò gbọdọ̀ tẹ́ ilẹ̀ tí ó jẹ́ ìwọ̀n yàrá náà gan-an. Kí pèpéle rẹ̀ fi ìdajì mítà yọ ní gbogbo ẹ̀gbẹ́, ìyẹn ni pé yóò jẹ́ mítà 5 ní òró àti mítà 4 ní ìbú. Ògiri tí ó dúró sí etí pèpéle gan-an dà bí ẹni tí ó jókòó sí etí àga.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kí ó bó awọ ilẹ̀ náà. Yẹ̀pẹ̀ òkè tí ó dúdú, tí gbòǹgbò àti ewé jíjẹrà kún inú rẹ̀, kì í gbé ilé ró. Yóò máa jẹrà, yóò máa rọ̀, ikán yóò sì rí oúnjẹ níbẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 sábà máa ń tó láti bó kúrò. Kí ó má dà á nù: ọgbà ẹ̀fọ́ ni irú yẹ̀pẹ̀ bẹ́ẹ̀ yẹ.

Lẹ́yìn èyí ni yóò kan èèkàn sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kí èèkàn náà ga ju mítà 1 lọ, kí wọ́n sì dúró gbọn-in. Láti mọ̀ bóyá igun náà tọ́, kí ó wọn ilẹ̀ láti igun kan lọ sí igun tí ó dojú kọ ọ́ ní ìdábùú, kí ó sì wọn èkejì bákan náà. Bí méjèèjì bá dọ́gba, pèpéle náà tọ́. (Nígbà tí ó bá kan ògiri yàrá náà fúnra rẹ̀, mítà 3 àti mítà 4, ìdábùú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ mítà 5 géérégé.)

Nísinsin yìí ni rọ́bà omi dé. Obìnrin náà fi èédú fa ìlà sí ara èèkàn kan lókè, ní sẹ̀ǹtímítà 60 sí ilẹ̀. Ó di ẹnu rọ́bà kan mú síbẹ̀. Ọmọ rẹ̀ gbé ẹnu kejì lọ sí èèkàn mìíràn, ó ń gbé e sókè, ó ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

“Ìyá, ó ti dé ojú ìlà lọ́dọ̀ yín?”

“Ó ku díẹ̀. Rọra gbé e sókè. Ó tó, fa ìlà tìrẹ.”

Báyìí ni wọn yóò ṣe dé èèkàn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àwọn ìlà mẹ́rin wọ̀nyẹn ni ó dọ́gba, ilẹ̀ kò dọ́gba. Kí wọ́n wá wọn láti ìlà dé ilẹ̀ ní èèkàn kọ̀ọ̀kan. Kí a sọ pé èèkàn òkè méjèèjì mú 60 àti 62 wá, àwọn ti ìsàlẹ̀ sì mú 98 àti 100. Ilẹ̀ náà fi bíi sẹ̀ǹtímítà 40 rẹlẹ̀ láàárín mítà 4. Ojú lásán ì bá ti pè é ní sẹ̀ǹtímítà 15.

Bí a bá ro mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, tí a sì pín in sí mẹ́rin, 80 ni. Èyí túmọ̀ sí pé bí ilẹ̀ tuntun bá wà ní sẹ̀ǹtímítà 80 sí ìsàlẹ̀ ìlà, yẹ̀pẹ̀ tí a gbẹ́ ní òkè yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó èyí tí a nílò ní ìsàlẹ̀. Kí wọ́n ta okùn mọ́ ojú ìlà láti èèkàn dé èèkàn, kí ó le dáadáa, kí wọ́n sì gé ọ̀pá kan ní sẹ̀ǹtímítà 80. Láti ìgbà yẹn lọ, ẹni tí kò mọ ìwé kankan lè ṣe iṣẹ́ náà: níbi tí ọ̀pá kò bá ti wọ abẹ́ okùn, ilẹ̀ ṣì ga, níbi tí àyè bá ti ṣẹ́kù lórí rẹ̀, ilẹ̀ ṣì rẹlẹ̀.

Onílẹ̀ àti àjèjì

Ọ̀nà méjì ni a lè gbà tẹ́ ilẹ̀ yìí. Ọ̀kan ni kí a gbẹ́ gbogbo rẹ̀ wálẹ̀ títí yóò fi bá igun tí ó rẹlẹ̀ jù dọ́gba. Èkejì ni kí a gbẹ́ ìdajì tí ó ga, kí a fi yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ kún ìdajì tí ó rẹlẹ̀. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn nínú làálàá pọ̀ ju bí ènìyàn ti lè rò lọ. Nínú àpẹẹrẹ yìí, ọ̀nà àkọ́kọ́ yóò gba kí a gbẹ́ yẹ̀pẹ̀ tí ó kún àpótí mẹ́rin, bí òró, ìbú àti gíga àpótí kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ mítà 1. Ọ̀nà kejì kò gbà ju àpótí kan lọ. Bí kẹ̀kẹ́ ìkóyẹ̀pẹ̀ tí a ń pè ní brouette bá ń gba lítà 60, ìrìn bíi ogún ni ti èkejì, ti àkọ́kọ́ sì tó ọgọ́rin.

Nítorí náà, kò yani lẹ́nu pé ọ̀nà kejì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń yàn. Níbẹ̀ náà sì ni ilé ti ń bàjẹ́. Ilẹ̀ tí a gbẹ́ kàn jẹ́ onílẹ̀: ó ti wà níbẹ̀ láti ayébáyé, òjò ti tẹ̀ ẹ́, ó ti le. Yẹ̀pẹ̀ tí a kó wá dà sí ìsàlẹ̀ jẹ́ àjèjì. Afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀. Yẹ̀pẹ̀ tí a gbẹ́ máa ń wú, tí àpótí kan yóò fi di àpótí kan àti díẹ̀ sí i, gbogbo àlékún yẹn sì jẹ́ àyè òfìfo. Bí a bá kọ́ ilé sórí méjèèjì láìtíì sọ àjèjì di onílẹ̀, òjò ọdún àkọ́kọ́ yóò wọ inú àyè òfìfo náà, yẹ̀pẹ̀ yóò wálẹ̀, ìdajì ilé yóò tẹ̀ lé e, ìdajì kejì yóò dúró. Ògiri yóò sì sán ní àárín, ní ibi tí onílẹ̀ àti àjèjì ti pàdé. Bí ògiri bá sì ti lanu, a mọ ẹni tí ń wọlé.

Kí a tó da ohunkóhun sí ìsàlẹ̀, ó yẹ kí a fi ọkọ́ gé ojú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ibẹ̀ bí àtẹ̀gùn kékeré méjì tàbí mẹ́ta. Yẹ̀pẹ̀ tí a dà sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ń dán lè yọ̀ lọ. Èyí tí ó jókòó sórí àtẹ̀gùn kò rí ibi yọ̀ sí. Lẹ́yìn náà ni a ó dà á ní ìpele-ìpele, kí ìpele kan má ju sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 lọ, kí a sì fi igi ìlulẹ̀ tí ó wúwo lu ọ̀kọ̀ọ̀kan kí òmíràn tó gorí rẹ̀. Ẹni tí ó bá da gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí ó wá ń lù ú láti òkè, ń lu awọ lásán ni: òkè yóò le, inú yóò sì rọ̀ bí àkàrà. Àwọn ìyá àgbà tí wọ́n fi ọwọ́ lu ilẹ̀ inú ilé títí ó fi ń dán mọ iṣẹ́ yìí tipẹ́tipẹ́, kò sí ẹni tí ó fi ìwé kọ́ wọn.

Omi tún ni ó ń pinnu níhìn-ín. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe iṣẹ́ ilẹ̀ nígbà ọyẹ́, nítorí pé iṣẹ́ oko ti dínkù, ṣùgbọ́n nígbà yẹn ni yẹ̀pẹ̀ gbẹ jù lọ. Yẹ̀pẹ̀ gbígbẹ kì í lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, bí ó ti wù kí a lù ú tó. Kí a bu ẹ̀kúnwọ́ kan, kí a fún un nínú àtẹ́lẹwọ́, kí a sì jẹ́ kí ó bọ́ láti ìwọ̀n gíga àyà. Bí kò bá tilẹ̀ lè di ìṣù, ó gbẹ jù, kí a wọ́n omi sí i. Bí ó bá bọ́ tí ó sì kàn tẹ́ pẹlẹbẹ nílẹ̀ bí ẹ̀kọ tútù, omi ti pọ̀ jù, kí a fi í sílẹ̀ kí oòrùn rí i. Bí ó bá pín sí ègé mélòó kan, ó ti tó lílù. Nígbà tí ìpele kan bá sì ti gba ìlù tó, ohùn igi á yí padà: ìró tí ó ń dún gbì á di èyí tí ń dún kọ́ọ́, gìgísẹ̀ ẹni tí ó wúwo kò sì ní í fi ojú sí i mọ́.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí a sọ láìfi bò. Ní àwọn ibi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀, ní etí ọ̀sà pàápàá, àwọn ènìyàn a máa fi pàǹtí ilé kún ilẹ̀: èèpo gbágùúdá, èèpo àgbọn, ọ̀rá, igi ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó yá, kò sì náni lówó. Ṣùgbọ́n ohun tí yóò jẹrà lábẹ́ ilé yóò fi ihò sílẹ̀ lábẹ́ ilé. Àìlówó ni ó ń fà á, kì í ṣe ìwà òmùgọ̀. Síbẹ̀ ilé tí ó bá wó ń gba owó lọ́wọ́ tálákà ju bí ó ti ń gbà lọ́wọ́ olówó lọ.

Ilẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà

Ilẹ̀ pupa tí ó wà ní Kétu, ní Pọ́bẹ̀ àti ní òkè Àjàṣẹ́ ni àwọn elédè Faransé ń pè ní terre de barre. Orúkọ náà kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú irin: láti inú èdè Pọtogí ni ó ti wá, barro, èyí tí í ṣe amọ̀. Ilẹ̀ yìí dára fún iṣẹ́ tí à ń sọ. Ó ní amọ̀ tí ó tó láti lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, ó sì ní iyanrìn tí ó tó láti má ṣe wú jù. Bí yangí wẹ́wẹ́ bá wà ní àrọ́wọ́tó, kí a pò ó mọ́ ọn, yóò tún le sí i.

Ilẹ̀ dúdú agbègbè Ọ̀họ̀rí yàtọ̀ pátápátá. Amọ̀ ni, ó ń wú bí òjò bá rọ̀, ó sì ń sún kì bí oòrùn bá mú, tí ẹnu ilẹ̀ yóò fi là débi tí ọwọ́ lè wọ̀ ọ́. Òun kan náà ni ó ń sọ ọ̀nà di ẹrẹ̀ tí kò ṣe é rìn nígbà òjò. Kò sí ìlù tí ó lè wo ìwà yẹn sàn. Ẹni tí ó bá ń kọ́lé níbẹ̀ kò gbọdọ̀ fi ilẹ̀ dúdú kún pèpéle rẹ̀. Kí ó kó ilẹ̀ pupa tàbí yangí wá láti ibòmíràn, bí ọ̀nà tilẹ̀ jìn. Tàbí kí ó ṣe bí àwọn baba ńlá ti ń ṣe.

Ohun tí àwọn baba ńlá ń ṣe ni pé wọ́n ń gbé àká sórí òpó. Ọgbọ́n ńlá wà nínú rẹ̀, ó sì ṣeni láàánú pé a ti ń kà á sí ohun àtijọ́. Ẹni tí ó gbé àká sórí òpó mẹ́fà kò nílò láti tẹ́ ilẹ̀ rárá. Orí òpó ni ó ń tẹ́. Òpó ìsàlẹ̀ gùn, òpó òkè kúrú, àgbàrá ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá láìbá ẹnikẹ́ni jà, afẹ́fẹ́ sì ń gba abẹ́ àgbàdo. Rọ́bà omi tí a fi ń wọn ilẹ̀ ni a ó fi wọn orí òpó bákan náà. Bí ilẹ̀ kan bá fi ju sẹ̀ǹtímítà 60 lọ rẹlẹ̀ láàárín mítà 4, ó sàn kí ènìyàn kọ́kọ́ ronú sí òpó, ìbáà jẹ́ ti igi tàbí ti bíríkì, kí ó tó ronú sí ọkọ́. Kíkún irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ ògiri olókùúta tí yóò dá yẹ̀pẹ̀ dúró, ìyẹn sì ti di iṣẹ́ ọ̀gá mọlémọlé.

Ní Ṣábẹ̀ẹ́, òkúta ni ewu mìíràn. Bí ọkọ́ bá kan àpáta ní igun kan, inú onílé a dùn pé ìpìlẹ̀ ti dé. Ṣùgbọ́n ilé tí igun kan rẹ̀ wà lórí àpáta, tí àwọn yòókù sì wà lórí yẹ̀pẹ̀, yóò sán bí ti onílẹ̀ àti àjèjì, nítorí pé àpáta kì í rẹlẹ̀ láé. Bí a kò bá lè sún yàrá náà síwájú tàbí sẹ́yìn, kí a fọ́ orí àpáta náà wálẹ̀, kí a sì fi yẹ̀pẹ̀ tí a lù dáadáa tẹ́ ẹ, kí gbogbo ilé lè jókòó sórí ohun kan náà.

Lórí sìmẹ́ńtì, ọ̀rọ̀ kò pọ̀. Ẹni tí ó bá ní owó lè da kọnkéré, tí àwọn mọlémọlé ń pè ní béton, sórí pèpéle náà. Sẹ̀ǹtímítà 10 tó fún yàrá ẹrù kékeré. Òṣùwọ̀n sìmẹ́ńtì kan, ti iyanrìn méjì, ti òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́rin. Yàrá mítà 4 sí 3 yóò gbà tó àpò sìmẹ́ńtì 8. Kí wọ́n máa wọ́n omi sí i fún ọjọ́ méje, kí oòrùn má baà gbẹ ẹ́ ní àìpọ́n. Ṣùgbọ́n kọnkéré kì í ṣe oògùn fún ilẹ̀ tí a kò lù. Lórí ilẹ̀ rírọ̀, òun náà yóò sán. Pèpéle yangí tí a lù dáadáa, láìsí àpò sìmẹ́ńtì kan, sàn ju kọnkéré tí ó wà lórí yẹ̀pẹ̀ àjèjì lọ.

Omi àti aládùúgbò

Nígbà tí pèpéle bá ti tẹ́jú, ògiri gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí a gbẹ́ yóò wà lẹ́yìn ilé, àgbàrá òkè yóò sì máa bọ̀ láti ibẹ̀. Kò yẹ kí ògiri ilé fara kan an. Kí a fi àyè sílẹ̀ láàárín wọn tí ènìyàn lè gbà kọjá pẹ̀lú ọkọ́, kí a sì gbẹ́ ojú ìṣàn omi kan sí òkè pèpéle, tí yóò gba àgbàrá kí ó tó dé ìdí ilé, tí yóò sì tọ́ ọ yí ilé ká sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Kí ìṣàn náà rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀: sẹ̀ǹtímítà 1 tàbí 2 ní mítà kọ̀ọ̀kan tó. Bí ó bá rẹlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀, omi yóò sáré, yóò sì máa wa ilẹ̀ lọ. Ilẹ̀ inú yàrá gbọ́dọ̀ ga ju ilẹ̀ ìta lọ ní bíi sẹ̀ǹtímítà 15, àpò àgbàdo kò sì gbọdọ̀ fara kan ilẹ̀ náà tàbí ògiri. Orí igi ni kí wọ́n wà.

Níbo ni omi tí a yí padà yóò wá gbà? Ìbéèrè yìí ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín ọmọ ìyá. Ẹni tí ó wà lókè tẹ́ ilẹ̀ tirẹ̀, ó gbẹ́ ìṣàn, inú rẹ̀ dùn. Omi tí ó ti ń tàn káàkiri gbogbo ọgbà tẹ́lẹ̀ wá di ọ̀kan ṣoṣo, ó ń ya wọ ilé ìdáná ẹni tí ó wà nísàlẹ̀. Ìwé òfin àwọn Faransé tí ó jáde ní 1804 sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ ní ẹ̀ka 640: ilẹ̀ ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ gba omi tí ń ṣàn wá fúnra rẹ̀ láti ilẹ̀ òkè, láìjẹ́ pé ọwọ́ ènìyàn wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni ilẹ̀ òkè kò gbọdọ̀ ṣe ohun tí yóò mú ẹrù ilẹ̀ ìsàlẹ̀ wúwo sí i. Kò sí ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi gbọ́dọ̀ dé iwájú adájọ́. Kí ẹni tí ó fẹ́ tẹ́ ilẹ̀ lọ kí aládùúgbò rẹ̀ kí ó tó gbé ọkọ́, kí ó mú un wá wo ibi tí omi yóò gbà. Bí àyè bá wà, kí omi náà parí sínú ihò ńlá tí a kó òkúta sí nínú ọgbà onílé fúnra rẹ̀, tàbí sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, tí kì í sábà kọ omi.

Bí àkókò bá gbà, kí pèpéle náà rí òjò kan tàbí méjì kí ògiri tó gorí rẹ̀. Nígbà tí òjò ńlá àkọ́kọ́ bá ń rọ̀, kí onílé jáde pẹ̀lú ọ̀pá ní ọwọ́. Níbi tí omi bá dúró sí lórí pèpéle, kí ó gún ọ̀pá síbẹ̀ fún àmì. Níbi tí àgbàrá bá ti fo ìṣàn kọjá, kí ó gún òmíràn. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí yẹ̀pẹ̀ ṣì tutù tí ó sì rọrùn láti lù, kí ó kún ibi tí ó rì, kí ó jin ìṣàn níbi tí kò jìn tó, kí ó sì tún fi rọ́bà omi wọn igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan sí i kí mọlémọlé tó gbé bíríkì àkọ́kọ́ dé.